Ta Ní Ń Pàṣẹ Fún Èèrà?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ jọ sọ lónìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ó ní ìtumọ̀. Ọ̀rọ̀ èèrà ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rẹ́rìn-ín. Bí a bá sọ ọ́ dópin, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ kòkó wa ni, ọ̀rọ̀ owó wa ni, ọ̀rọ̀ ìpàdé ẹgbẹ́ wa sì ni pẹ̀lú.

Kò sí àgbẹ̀ kan láti Adó dé Ìyìn, láti Ìgèdè dé Ìlawẹ̀, tí kò tíì pàdé ìjàlọ lójú ọ̀nà oko rí. Lẹ́yìn òjò ni wọ́n sábà máa ń jáde. Wọ́n á tò lọ bí okùn dúdú, àwọn tí orí wọn tóbi á sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà bí ọlọ́pàá. Bí wọ́n bá wọ ilé, eku á sá, aáyán á sá, adìẹ tí a so mọ́lẹ̀ sì wà nínú ewu. Bí a bá rí irú ogun bẹ́ẹ̀, ohun tí ó máa ń wá sí wa lọ́kàn ni pé: ta ni balógun wọn? Ẹni tí ó bá fi sùúrù wo iwájú ọ̀wọ́ náà yóò rí ohun ìyanu. Kò sí balógun níbẹ̀. Èyí tí ó wà níwájú á sáré díẹ̀ wọ ilẹ̀ tuntun, á sì padà sẹ́yìn. Òmíràn á bọ́ síwájú, òun náà á padà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe títí ogun náà fi ń lọ.

Báwo ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀dá tí kò ní olórí ṣe ń fi ohùn ṣọ̀kan? Ìtàn bí ọmọ ènìyàn ṣe rí ìdáhùn ìbéèrè yìí ni a fẹ́ sọ.

OHUN TÍ AYÉ ÀTIJỌ́ RÒ

Ìbéèrè náà ti pẹ́ láyé. Ìwé Òwe nínú Bíbélì rán ọ̀lẹ lọ sọ́dọ̀ èèrà kí ó lọ kọ́gbọ́n, ó sì tọ́ka sí i pé èèrà kò ní olórí, kò ní alábòójútó, síbẹ̀ ó ń kó oúnjẹ jọ nígbà ìkórè. Àlùkùránì náà ní súrà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Èèrà. Níbẹ̀, èèrà kan kìlọ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n wọ ilé wọn lọ, kí àwọn ọmọ ogun Ànábì Sulaimọ́ọ̀nù má baà tẹ̀ wọ́n pa láìmọ̀. Ẹ kíyè sí i, èèrà kan láàárín ọ̀pọ̀ ni ó kìlọ̀. A kò sọ pé ọba wọn ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò gbà pé irú ìlú bẹ́ẹ̀ lè wà láìsí ẹni tí ń pàṣẹ. Nígbà tí wọ́n rí èèrà ńlá kan nínú ihò, tí àwọn yòókù yí i ká, tí wọ́n ń bọ́ ọ, wọ́n pè é ní ayaba. Orúkọ yẹn ló ṣì wọ́n lọ́nà. Ayaba èèrà kì í pàṣẹ. Ẹyin ni iṣẹ́ rẹ̀. Inú òkùnkùn ni ó ń gbé, kò mọ ibi tí oúnjẹ wà, kò mọ̀ bóyá ọ̀tá ń bọ̀. Ìyá ilé ni, kì í ṣe ọba ìlú.

ÒÓRÙN NI Ọ̀RỌ̀ WỌN

Ní ọdún 1959, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Edward Wilson, ti Yunifásítì Harvard, mú èèrà kan tí ìtani rẹ̀ gbóná bí iná. Ó yọ àpò kékeré kan tí ó wà ní ìdí rẹ̀, ó sì fi omi inú rẹ̀ fa ìlà sórí dígí. Kíá, àwọn èèrà tú jáde, wọ́n sì tẹ̀ lé ìlà náà láìsí oúnjẹ kankan níbẹ̀. Báyìí ni a ṣe mọ̀ pé òórùn ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Èèrà tí ó bá rí oúnjẹ á fi ìdí wọ́lẹ̀ bí ó ti ń padà bọ̀ wálé, á sì fi òórùn sílẹ̀ lọ́nà. Èyí tí ó bá gbọ́ òórùn náà á tẹ̀ lé e. Bí òun náà bá bá oúnjẹ níbẹ̀, á fi tirẹ̀ kún un. Bí kò bá bá nǹkan kan, kò ní fi ohunkóhun sílẹ̀. Òórùn náà kì í pẹ́ kó tó fẹ́ lọ. Nítorí náà, nígbà tí oúnjẹ bá tán, kò sí ẹni tí ń lu agogo pé ó ti tán. Ọ̀nà náà á kàn parẹ́ fúnra rẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí ó tún un ṣe.

Ní ọdún 1989, Jean-Louis Deneubourg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Brussels, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ṣe afárá méjì láti ilé èèrà dé ibi oúnjẹ. Ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú. Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn èèrà ń gba èyí tí ó bá ṣáà wù wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó gba ọ̀nà kúkúrú ni ó kọ́kọ́ padà dé, nítorí náà òórùn tètè pọ̀ sí ojú ọ̀nà tiwọn. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dà sí ọ̀nà kúkúrú. Kò sí èèrà kan tí ó fi okùn wọn afárá méjèèjì wò. Ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ ìwọ̀nba ohun tí ó fojú ara rẹ̀ rí, gbogbo wọn sì jọ mọ ohun tí ẹnì kan nínú wọn kò mọ̀.

ÈÈRÀ PUPA TI ORÍ KÒKÓ

Ẹ jẹ́ kí a padà sí oko tiwa. Gbogbo wa mọ èèrà pupa orí igi kòkó, igi obì àti ọsàn, èyí tí ń lẹ ewé pọ̀ fi ṣe ilé. Ẹni tí ó bá fi orí kan ilé rẹ̀ nígbà tí ó ń ká kòkó, ọ̀run rẹ̀ ni yóò sọ fún un. Bert Hölldobler àti Edward Wilson yìí kan náà kọ́ nípa èèrà ilẹ̀ Áfíríkà yìí, wọ́n sì tẹ iṣẹ́ wọn jáde ní 1977 àti 1978. Wọ́n rí i pé ọ̀nà márùn-ún ni ó ní láti pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀: ó ní ìpè fún oúnjẹ, ó ní fún ilẹ̀ tuntun, ó ní fún ìṣípòpadà, ó sì ní méjì fún ogun, ọ̀kan fún ọ̀tá tí ó wà nítòsí, ọ̀kan fún ti ọ̀nà jíjìn.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́lé ni ó dùn mọ́ mi jù. Èèrà kọ̀ọ̀kan á lọ dúró sí etí ewé, á fi ẹnu fà á wò. Ibi tí ewé bá le, a kì í pẹ́ níbẹ̀. Ibi tí ewé bá ti tẹ̀ díẹ̀, àwọn tí ó wà nítòsí á fi tiwọn sílẹ̀, wọ́n á wá bá a fà á. Bí ewé méjì bá jìnnà síra, wọ́n á di ara wọn ní ìbàdí mú bí ẹ̀wọ̀n, wọ́n á fi ara ṣe afárá. Nígbà tí etí ewé méjèèjì bá kanra, àwọn mìíràn á gbé ọmọ wọn tí ó ṣì jẹ́ ìdin wá, wọ́n á fi òwú ẹnu rẹ̀ rán ewé náà pọ̀. Ìyá kan ṣoṣo, ilé púpọ̀, igi púpọ̀, ọmọ tí ó lè tó ìdajì mílíọ̀nù. Kò sì sí bírìkìlà àgbà tí ń tọ́ka sí ibi tí wọn yóò kọ́ ọ sí. Ibi tí iṣẹ́ bá ti ń yọrí ni èrò ń wọ́ lọ.

ÌPÀDÉ LÁÌSÍ ALÁGA

Ẹ̀kọ́ tí ó jọ ti ẹgbẹ́ wa jù lọ wá láti ìlú Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Níbẹ̀ ni Nigel Franks, Stephen Pratt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti wo èèrà kékeré kan tí ń gbé nínú pàlàpálá òkúta. Bí ilé rẹ̀ bá fọ́, ó gbọ́dọ̀ wá òmíràn. Amí díẹ̀ á jáde lọ, oníkálukú gba ọ̀nà tirẹ̀. Èyí tí ó bá rí ihò kan á wọ inú rẹ̀, á wò ó bóyá ó tóbi tó, bóyá ó ṣókùnkùn, bóyá ẹnu ọ̀nà rẹ̀ há. Bí ó bá dára, á tètè padà lọ mú ẹnì kan wá. Bí kò bá fi bẹ́ẹ̀ dára, á fi falẹ̀ kí ó tó pe ẹnikẹ́ni.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú rèé: ẹni tí a mú wá kò ní gbà á gbọ́ lásán. Òun náà á wọ inú ihò, á yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀, kí ó tó lọ pe ẹlòmíràn. Nígbà tí iye àwọn tí ó wà nínú ilé tuntun bá tó iye kan, ìgbà náà ni wọ́n tó parí àríyànjiyàn. Wọn kò ní mú ara wọn lọ ní méjì-méjì mọ́, ṣe ni wọn yóò gbé àwọn yòókù lọ, èyí sì yá ju ti ìṣáájú lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Iye yẹn ni àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ń pè ní kórọ́ọ̀mù. Èèrà náà ní kórọ́ọ̀mù!

Àwọn olùwádìí yìí tún rí i ní 2003 pé bí ewu bá ń lé wọn, èèrà á dín kórọ́ọ̀mù kù kí wọ́n lè tètè ṣí. Ṣùgbọ́n ìkánjú yẹn ń jẹ́ kí wọ́n ṣi ilé yàn. Ìkánjú ò mọ̀kan, ìbáà ṣe lọ́dọ̀ èèrà, ìbáà ṣe lọ́dọ̀ ènìyàn.

ÌGBÀ TÍ ÈÈRÀ ṢÌNÀ

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé èèrà kì í ṣìnà. Ní ilẹ̀ Guyana, ọmọ Amẹ́ríkà kan, William Beebe, kọ ọ́ sínú ìwé tí ó jáde ní 1921 pé òun rí ọ̀wọ́ èèrà ológun kan tí iwájú rẹ̀ ti lọ kan ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ẹni iwájú ń tẹ̀ lé òórùn ẹni ẹ̀yìn, ẹni ẹ̀yìn ń tẹ̀ lé òórùn ẹni iwájú. Òbìrí náà fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 1,200 yípo, ó sì ń gba èèrà kọ̀ọ̀kan ní wákàtí méjì ààbọ̀ láti rìn ín po. Wọ́n ń yí, wọ́n ń yí, títí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi kú sójú ọ̀nà. Kò sí ọ̀tá níbẹ̀. Ìtẹ̀lé láìwádìí ni ó pa wọ́n.

KÍ NI ÈYÍ KAN KÒKÓ WA?

Ó kàn án gan-an. Èèrà oko kòkó kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọ̀rẹ́ wà nínú wọn, ọ̀tá sì wà. Nígbà tí àrùn tí ń mú ẹ̀ka kòkó wú jáde ní Gánà ní 1936, àwọn olùwádìí rí i nígbẹ̀yìn pé kòkòrò kéékèèké funfun kan, tí ara rẹ̀ dà bí ẹni tí a da ìyẹ̀fun sí, ni ń gbé e káàkiri. Àwọn èèrà dúdú kéékèèké kan sì ń sin kòkòrò yìí bí darandaran ṣe ń sin màlúù, nítorí omi dídùn tí ó ń sun. Wọ́n á kọ́ àgọ́ bò ó. Bákan náà ni ìwádìí tí a ṣe ní Gàm̀bàrí lẹ́bàá Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1970, tí a tẹ̀ jáde ní 1981, fi hàn pé àwọn èèrà tí ń fi erùpẹ̀ kọ́ àgọ́ sí ara èso kòkó ń gbé àrùn tí ń sọ kòkó di dúdú gòkè láti inú ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n èèrà pupa onílé-ewé ń lé àwọn kòkòrò tí ń fa omi ara kòkó, èyí tí ń mú ọ̀mùnú gbẹ. Ní 1973, Dennis Leston, ẹni tí ó ṣe ìwádìí ní Gánà, kọ ọ́ pé oko kòkó dà bí ẹní tí a fi àrán oríṣiríṣi hun: ìran èèrà kọ̀ọ̀kan ní igi tirẹ̀, kò sì jẹ́ kí ìran mìíràn débẹ̀. Bí a bá pa ọ̀rẹ́ run lórí igi, ọ̀tá ni yóò jogún rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe nìyẹn láìmọ̀. Láti àwọn ọdún 1950 ni a ti ń fi Gammalin 20 wọ́n kòkó. Ó ṣiṣẹ́ púpọ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún 1960, àwọn kòkòrò kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í mu oògùn náà bí omi, tí kò pa wọ́n mọ́. Ní 2009, àwọn orílẹ̀-èdè ayé fi èròjà inú rẹ̀ sí ara àwọn tí a gbọ́dọ̀ mú kúrò nílẹ̀, nítorí ìpalára rẹ̀ fún ènìyàn, omi àti ilẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má tún lò ó mọ́.

Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Ṣáínà ti ń gbé ilé èèrà bẹ́ẹ̀ sórí igi ọsàn. Ìwé tí ó sọ nípa rẹ̀ ti wà láti nǹkan bí ọdún 304. Nítòsí wa níhìn-ín, lẹ́bàá Parakou ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ìwádìí tí Paul Van Mele, Jean-François Vayssières àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ̀ jáde ní 2007 fi hàn pé oko máńgòrò tí èèrà pupa yìí bá pọ̀ sí, eṣinṣin tí ń ba èso jẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ibẹ̀ jẹ.

Kí ni kí a ṣe? Kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ ìfinkòkó kọ́ èjìká, ẹ kọ́kọ́ rìn yí oko ká, kí ẹ wo igi tí èèrà pupa wà àti èyí tí kò sí. Ẹ má fi oògùn wọ́n ibi tí kòkòrò kò sí. Ẹ ha àgọ́ erùpẹ̀ kúrò lára èso. Ẹ já èso tí ó ti dúdú kúrò lórí igi ní kíákíá. Lóòótọ́, èèrà pupa ń bunijẹ nígbà ìkórè, òun náà sì ń sin àwọn kòkòrò kan tí ń sun omi dídùn, nítorí náà kì í ṣe gbogbo àìsàn oko ni ó wò. Àwọn àgbẹ̀ kan máa ń fi eérú pa ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kí wọ́n tó gun igi. Ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ẹ̀ka ọ̀gbìn tí ó bá sún mọ́ yín, tàbí ní Ilé-Iṣẹ́ Ìwádìí Kòkó ní Ìdí-Ayùnrẹ́.

KÍ NI ÈYÍ KAN ẸGBẸ́ WA?

Nígbà tí ọgọ́rin ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sẹ́yìn ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn oníkòkó fẹsẹ̀ múlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. C. F. Strickland ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní kí ó wádìí ọ̀ràn náà. Ó mú àbọ̀ rẹ̀ wá ní 1934. Òfin jáde ní 1935, ẹgbẹ́ Gbẹ́dùn lẹ́bàá Ìbàdàn sì gba ìwé ẹ̀rí ní 1937. Ìlànà tí ó ti wà láti ìgbà àwọn ará Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1844 ni wọ́n gbé e lé: ènìyàn kan, ìbò kan. Oko yín ìbáà tóbi, ìbáà kéré.

Fún ìgbà pípẹ́, ìjọba ni ó ń dá iye tí a ó ta kòkó. Ní 1986, ìjọba tú àjọ tí ń ra kòkó ká. Láti ìgbà náà, àwa fúnra wa ni ó kù tí a gbọ́dọ̀ pinnu ẹni tí a ó tà á fún. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ èèrà ti kàn wá.

Mo wà nínú ẹgbẹ́ kan nígbà kan. Ẹ jẹ́ kí n fi orúkọ bò ó láṣìírí. Oníṣòwò kan wá, ó ní iye tí òun yóò san ju ti gbogbo ayé lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn oṣù méjì ni owó yóò dé. Alága wa dìde, ó ní ó dára. Ẹni tí oko rẹ̀ tóbi jù lẹ́gbẹ́ náà ní ó dára. Ni gbogbo wa bá nawọ́ sókè, èmi náà sì nawọ́. Ìyá àgbà kan ṣoṣo ni ó béèrè pé, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ló ti dé ibi tí ọkùnrin yìí ń kó kòkó sí?” A wo ara wa lójú. Kò sí ẹni tí ó dé ibẹ̀. Síbẹ̀, a kó kòkó wa fún un, nítorí pé ọwọ́ ti wà lókè. Oṣù méjì di ọdún kan. Àwọn kan gba ìdajì owó wọn. Ìyá àgbà yẹn kò gba kọ́bọ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a. Kò sí ìgbà tí mo rántí ìtàn òbìrí Guyana tí ojú kì í tì mí. Ẹni iwájú ń wo ẹni ẹ̀yìn, ẹni ẹ̀yìn ń wo ẹni iwájú, kò sí amí kankan láàárín wa.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni mo fẹ́ kí a mú lọ sí ìpàdé. Èkíní, kí a rán amí, kí ó sì ju ẹyọ kan lọ, kí wọ́n má sì jọ lọ pọ̀. Kí oníkálukú lọ wò, kí ó padà wá sọ ohun tí ojú ara rẹ̀ rí. Èkejì, kí àwọn tí ó kéré sọ̀rọ̀ kí alága tó sọ̀rọ̀, nítorí pé òórùn tí ó bá kọ́kọ́ pọ̀ lójú ọ̀nà ni gbogbo ilé ń tẹ̀ lé. Ẹ̀kẹta, kí a má fi ìpinnu ọdún mélòó kan sẹ́yìn ṣe òfin ayérayé. Bí oúnjẹ bá ti tán lójú ọ̀nà kan, ẹ jẹ́ kí òórùn rẹ̀ parẹ́.

Èyí kì í ṣe ohun àjèjì fún ọmọ Èkìtì. Nígbà tí Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí gbé ìjà Ìbàdàn, tí ogun Kírìjì sì bẹ̀rẹ̀ ní 1878, kò sí ọba kan tí ó jẹ́ ọ̀gá lórí gbogbo ìlú wa. Oníkálukú ní adé tirẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n para pọ̀, wọ́n sọ ara wọn ní Èkìtìparapọ̀, wọ́n ní kí Ògèdèǹgbé ará Iléṣà ṣíwájú ogun, wọ́n sì dúró pọ̀ títí a fi tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án 1886. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ohun kan wà tí a fi ju èèrà lọ. Èèrà kò lè béèrè pé, “Kí ló dé?” Àwa lè béèrè. Ìyá àgbà yẹn béèrè, àwa ni a kò gbọ́. Ní ìpàdé yín tí ń bọ̀, bí ẹnì kan bá béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ọwọ́ yín kalẹ̀ ná, kí ẹ dá a lóhùn.

Ó dìgbà mìíràn tí a ó tún pàdé. Ire oko á bá ti ilé. Ilẹ̀ á gbè wá o.